Orin sítẹ́ríò kò ní ohùn mẹ́fà nínú

Ẹni tó bá ra hóòmù tíátà onísípíkà mẹ́fà sílé, ì báà jẹ́ ní Kábà, ní Mọ́pà tàbí ní Ìsánlú, kò ní pẹ́ gbọ́ ọ pé sọ́fítíwíà kan wà tó ń yọ ohùn tó fara pamọ́ jáde nínú orin sítẹ́ríò, tó sì ń dá ohùn kọ̀ọ̀kan padà sí ibi tó ti wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká là á yé ara wa, torí ọ̀rọ̀ náà kan orin àwọn àgbà wa.

Ohùn méjì péré ló wà nínú sítẹ́ríò, ti òsì àti ti ọ̀tún. Bó ṣe wà nìyẹn láti ìgbà tí Alan Blumlein, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti forúkọ ọgbọ́n náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́dún 1931. Ibi tí onílù jókòó sí, ibi tí àwọn agberin dúró sí, ẹni tó ṣètò orin náà ti po gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú méjì yẹn. Gàrí kóńgò méjì tí a bù sínú abọ́ mẹ́fà, kóńgò méjì náà ni.

Kí wá ni sọ́fítíwíà ń ṣe? Ó ń fi òsì wé ọ̀tún. Ohun tó bá dọ́gba nínú méjèèjì, ó gbà pé àárín ló yẹ kó wà. Ibẹ̀ ni ohùn olórin sábà máa ń bọ́ sí. Èyí tó bá yàtọ̀, pàápàá tó bá ń lọ sókè níhà kan nígbà tó ń lọ sílẹ̀ níhà kejì, á tì í sẹ́yìn. Gbohùngbohùn gbọ̀ngàn pọ̀ nínú ìyẹn, ìdí nìyí tí yàrá fi máa ń dà bí ẹni pé ó fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àfojúdá ni. Bí sọ́pránò ẹgbẹ́ akọrin ìjọ bá wà lápá òsì pátápátá, díẹ̀ nínú ohùn wọn lè bọ́ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ iwájú ni wọ́n dúró sí lọ́jọ́ náà. Tó bá sì jẹ́ orin àtijọ́ tí wọ́n fi máìkì kan ṣoṣo gbà, òsì àti ọ̀tún jọra délẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ lè rí mú; ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́yìn, sọ́fítíwíà ló dá a sílẹ̀.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá kò ṣòro mọ̀. Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ká ohùn mẹ́rin sínú méjì. Ètò ohùn tó ń jẹ́ Dolby Surround mú ọgbọ́n títú u wọ inú ilé lọ́dún 1982, Pro Logic sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1987. Nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ohun kan wà lóòótọ́ tí ẹ̀rọ ń tú, nítorí ẹnìkan ti dì í síbẹ̀. Orin sítẹ́ríò lásán kò ní irú ìdì bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwíà Spleeter tí iléeṣẹ́ Deezer gbé jáde lọ́dún 2019 lè ya ohùn èèyàn kúrò lára ìlù, síbẹ̀ kò mọ ibi tí onílù jókòó sí.

Ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Nínú Audacity, sọ́fítíwíà àtúnṣe ohùn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ ya òsì kúrò lára ọ̀tún, ẹ fi Invert yí ọ̀kan lódì, kí ẹ wá pa méjèèjì pọ̀ di mono, ìyẹn ohùn kan ṣoṣo. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni sọ́fítíwíà rí pín sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ orin, olórin á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, á ku gbohùngbohùn rẹ̀ àti àwọn ohun èlò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ MP3 tí wọ́n ti fún jù, ariwo wúruwùru tí ìfúnpọ̀ náà fà á yọjú.

Kò burú kí èèyàn fi gbádùn orin nílé. Ohun tó ń ká mi lára ni ẹni tó gba orin ọdẹ tàbí orin ìgbéyàwó ilẹ̀ Ọ̀kun láti inú kásẹ́ẹ̀tì, tó sọ ọ́ di sọ̀ráùndì, ìyẹn ohùn mẹ́fà tó yí olùgbọ́ ká, tó sì pa sítẹ́ríò rẹ̀ rẹ́ torí ó rò pé tuntun ti dára ju ti àtijọ́ lọ. Fáìlì WAV tó jẹ́ nǹkan bíi 10 MB ní ìṣẹ́jú kan á di bíi 30 MB lóòótọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ló pọ̀ sí i, kì í ṣe ohùn. Tí ẹ bá tún gbé e sórí fóònù, fóònù á po mẹ́fà padà sí méjì, ohùn míì sì lè rọ̀ nínú ìpòpọ̀ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa sítẹ́ríò àkọ́kọ́ rẹ́ láé.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ráùndì gidi, ọjọ́ tí wọ́n ń gba orin sílẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀: kó gbé máìkì méjì síwájú akọrin, méjì sẹ́yìn gbọ̀ngàn, kó sì gba ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.