Bí wọ́n ṣe ń kọ́ akọ̀ròyìn láti tú àṣírí inú ìwé àti inú dátà

Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ìwádìí ìjìnlẹ̀ sábà máa ń retí pé kọ̀ǹpútà ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣí. Níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó ń fura sí sílẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo: ta ló ṣe kí ni, ta ló sì fara gbá a. Àbá lásán ni gbólóhùn yẹn ṣì jẹ́, ẹ̀rí tó lè já a nírọ́ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá kiri. "Wọ́n ń kó owó ilé ìwòsàn jẹ" kò ṣeé dán wò. "Iléeṣẹ́ tó gba owó oògùn kò kó oògùn náà dé" ṣeé dán wò, nítorí ìwé àdéhùn wà, ìwé ìsanwó wà, ìwé tí wọ́n fi gba ẹrù wọlé wà, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ẹrù náà sì wà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa àkọsílẹ̀ ti ń yọ jáde. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ ńlá ṣe ohun tí kò ní ìwé níbìkan: ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ilẹ̀, orúkọ àwọn tó ni iléeṣẹ́, ìṣúná, àbọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò owó. Wọ́n tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òfin gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Sweden ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1766. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti ní tiwọn báyìí. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí lẹ́tà má gbòòrò jù: kí ó dárúkọ ìwé náà gan-an àti ọdún tí wọ́n ń fẹ́, kí ó sì béèrè fún fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè kà, nítorí ọ́fíìsì tí kò fẹ́ kí wọ́n rí ìdí ọ̀rọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ìwé ránṣẹ́.

Bí fáìlì bá dé tán ni apá dátà bẹ̀rẹ̀, ibí yìí ló sì ń gba àkókò jù. Fáìlì kì í sábà dé ní mímọ́. Orúkọ iléeṣẹ́ kan lè wà nínú rẹ̀ lọ́nà mẹ́fà, kọ̀ǹpútà yóò sì kà á sí iléeṣẹ́ mẹ́fà. Wọ́n kọ 03/04: ta ló mọ̀ bóyá oṣù kẹta ni tàbí oṣù kẹrin? Ibi tí wọn kò kọ nǹkan kan sí kò túmọ̀ sí òdo. Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ìsọfúnni sí ìlà, fúnra rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán pátápátá. Ó ń sọ orúkọ àbùdá ara (gene) bíi SEPT1 di ọjọ́ oṣù, títí tí àwọn onímọ̀ tó ń sọ àbùdá lórúkọ fi pa orúkọ náà dà sí SEPTIN1. Lọ́dún 2020, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 16,000 èèyàn tó ní àrùn kòrónà kò wọ inú iye tí wọ́n kéde lásìkò, nítorí oríṣi fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n lò kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ìdí nìyí tí ìdánrawò àkọ́kọ́ fi jẹ́ kíka iye ìlà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n sì tún un kà lẹ́yìn náà. Fáìlì tó ti ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì wá kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé.

Ìṣirò tó kù kò le, àmọ́ ó ń dójú ti èèyàn. Ìlú tó ní èèyàn mílíọ̀nù 2 tí olè jà nígbà 300 dà bíi pé ó burú ju ìlú kékeré tó ní 50,000 èèyàn tí olè jà nígbà 40. Tí wọ́n bá pín in lórí iye èèyàn, 15 nínú 100,000 ni ti àkọ́kọ́, 80 ni ti èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó bá kúrò ní ìdá 4 nínú 100 di ìdá 6: ìdá 2 péré ló lé, síbẹ̀ ó ti fi ìdajì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Òṣèlú mọ èyí tó máa sọ.

Philip Meyer, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, fi hàn lọ́dún 1967 pé irú ẹ̀kọ́ yìí lérè. Ó ti lo ọdún kan ní Yunifásítì Harvard, ó ń kọ́ ọ̀nà ìwádìí àwọn onímọ̀ àwùjọ, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Detroit, ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń sọ pé àwọn aláìlọ-sílé-ìwé ló dá a sílẹ̀, àwọn mìíràn ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà wá ni. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé ìròyìn Detroit Free Press fọ̀rọ̀ wá àwọn ará àdúgbò lẹ́nu wò lọ́nà ètò, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀: àwọn tó lọ sí yunifásítì kópa nínú rẹ̀ bíi ti àwọn tí kò parí ilé ìwé girama, ti àwọn tó wá láti gúúsù kò sì tó ti àwọn tó dàgbà sí àríwá.

Ìgbà mìíràn, kò sẹ́ni tó ní dátà náà, àfi kí wọ́n fọwọ́ ṣe é. Àwọn akọ̀ròyìn Boston Globe, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, tó tú àṣírí àwọn àlùfáà Kátólíìkì tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe lọ́dún 2002 jókòó ti ìwé orúkọ ọdọọdún ìjọ náà, wọ́n ń ṣa àwọn àlùfáà tí wọ́n kọ "ìsinmi àìsàn" sí níwájú orúkọ wọn, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìjọ fi ń bo àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ààbò náà wà nínú ẹ̀kọ́: bí wọ́n ṣe ń pa orúkọ ẹni tó ta wọ́n lólobó mọ́, bí wọ́n ṣe ń ti fáìlì pa. Ní ti Panama Papers, ìwé ìkọ̀kọ̀ tó jò láti iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní Panama, akọ̀ròyìn tó lé ní 370 ló yẹ ìwé mílíọ̀nù 11.5 wò, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tú ọ̀rọ̀ náà síta títí wọ́n fi gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016.

Kí ìròyìn tó jáde, akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó ti ẹlòmíràn tí kò bá a ṣe iṣẹ́ náà, yóò sì fi ẹ̀rí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan hàn án. Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí, wọ́n á yọ ọ́. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò gba ẹ̀sùn náà ní kíkọ, pẹ̀lú àkókò tó tó láti fèsì.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń fi irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà mẹ́wàá han èèyàn kì í sábà so èso. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìtàn tirẹ̀ wá, kí ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí máa tọ́ ọ sọ́nà fún oṣù díẹ̀. Olóòtú rẹ̀ náà sì yẹ kó jókòó sí kíláàsì, torí olóòtú tó ń béèrè ìròyìn mẹ́ta lójúmọ́ kò ní fún un láàyè láti ka ìlà kankan.