Àṣẹ onílé ni o, kì í ṣe òmìnira

Ó ti sú mi gan-an. Látìgbà tí Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní January 29, 2025, ṣe ni mò ń gbọ́ ọ lórí rédíò ṣáá pé àwọn sọ́jà tó ń ṣèjọba níbẹ̀ ń jà fún "òmìnira" ilẹ̀ wọn. Òmìnira wo? 1960 làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbòmìnira lọ́wọ́ Faransé, ọdún yẹn náà làwa gba tiwa lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu wọn ni souveraineté, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sovereignty, ìyẹn agbára tí orílẹ̀-èdè ní láti pàṣẹ lórí ilẹ̀ ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni pátápátá, tẹ́ ẹ bá sì ń pè é lómìnira, ẹni tó ń gbọ́ yín ò ní lóye wàhálà tó ń bá ECOWAS fínra láéláé.

Èmi ń pè é ní àṣẹ onílé. Ìdí mi ni pé òmìnira, o ní in ni àbí o ò ní in, mi ò tíì rí ẹni tó ní òun yá ọmọ ìyá òun ní ìdajì òmìnira òun. Ṣùgbọ́n àṣẹ, à ń fún èèyàn lórí nǹkan kan ká má fún un lórí òmíràn, bàbá lè jókòó sínú yàrá kó ní kí ọmọ lọ bá òun gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, ọmọ yẹn lo àṣẹ bàbá lóòótọ́, kò sọ ọ́ di onílé, bó bá sì wu bàbá lọ́la ó lè gbà á padà. Ohun tí orílẹ̀-èdè ń ṣe gan-an nìyẹn tí wọ́n bá dára pọ̀.

Àwọn kan ní ká kúkú máa pè é ní sọ́fúrẹ́ńtì. Mi ò lòdì sí ọ̀rọ̀ àyálò o, bọ́dà, físà, kọ́sítọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ ti di tiwa, àwọn ìyá tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá ń lò ó, wọ́n sì mọ ohun tó jẹ́. Ta ló ń sọ sọ́fúrẹ́ńtì nínú wọn? Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dáadáa wá ní "ìkábíyèsí" ló yẹ, torí pé kò sẹ́ni tó lè bi ọba. Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ń bi ọba nílẹ̀ wa. Ọ̀yọ́ Mèsì mọ ọjọ́ tí wọ́n á gbé igbá òfìfo fún Aláàfin, Aláàfin náà sì mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Onílé ní àwọn tó ń bi í, síbẹ̀ onílé ló ni ilé, ìdí nìyẹn tí tèmi fi dáa ju tiyín lọ.

Ẹ wo agbo ilé ńlá kan n'Íbàdàn. Baálé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, kálukú ló ni yàrá ẹ̀ àti ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè wọlé ẹ̀ láìkanlẹ̀kùn, àmọ́ géètì kan ni gbogbo wọn ń gbà, kànga kan ni wọ́n ń pọn. Wọ́n wá fi mọ́gàjí jẹ, wọ́n ní kó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ géètì, kó máa gba owó tí gbogbo ilé ń dá, kó máa parí ìjà. Kọ́kọ́rọ́ tí kálukú yọ fún mọ́gàjí yẹn ni apá tó yọ̀ǹda nínú àṣẹ onílé ẹ̀, èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì jẹ́ tiẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kálukú fún mọ́gàjí ní kọ́kọ́rọ́ lójú gbogbo ayé, ó sì ti gbẹ́ òmíràn pa mọ́ sápò. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni baálé yẹn, ECOWAS sì ni mọ́gàjí.

Lọ́dún 1979 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ ECOWAS lè wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà, kó lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. August 2019, Nàìjíríà fa kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ yọ lápò, ó ti bọ́dà pa fún ọdún kan ó lé, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti tòmátì àwọn àgbẹ̀ Benin ń bà jẹ́ sí wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà lọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n. Kódà nígbà tí bọ́dà ṣí, mo ti gba ibẹ̀ kọjá rí pẹ̀lú ìwé tó pé, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi kí n tó jìnnà, inú ṣì ń bí mi di òní. Owó Eco tí wọ́n ní gbogbo ọmọ ECOWAS á jọ máa ná ńkọ́? Wọ́n ní 2020, wọ́n tún ti sún un sí 2027, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ẹ̀.

Èyí tó wá le jù ni ọ̀rọ̀ ìfipágbàjọba. Dakar ni wọ́n ti fọwọ́ sí i lọ́dún 2001 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fìbọn gbàjọba, ìyẹn ni pé mọ́gàjí lè wọ yàrá tí wọ́n bá ti lé bàbá síta. Ó ṣiṣẹ́ ní Gambia ní 2017, Ààrẹ Jammeh tó fìdí rẹmi nínú ìbò tó sì lóun ò lọ, kó lọ. Àmọ́ nígbà tí Ààrẹ Alpha Condé yí òfin padà ní Guinea kó lè ṣe sáà kẹta ní 2020, mọ́gàjí ò rí nǹkan kan sọ, ó wá di July 2023 tí wọ́n gbàjọba ní Niger, ó fún wọn lọ́jọ́ méje kí wọ́n dá ìjọba padà, ó ti bọ́dà, Nàìjíríà gé iná wọn, àwọn ọlọ́kọ̀ há sí Malanville, ìlú Benin tó wà lẹ́nu bọ́dà Niger, fún oṣù bíi mélòó kan, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ló jìyà ẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ bínú, mo sì gbà pé wọ́n rídìí bínú.

Ẹ wá fi èyí dán ọ̀rọ̀ yín wò. Àwọn mẹ́ta tó jáde yẹn ti da agbo ilé tiwọn sílẹ̀ láti July 2024, wọ́n ní páásípọ́ọ̀tì kan náà, wọ́n ń kó ọmọ ogun jọ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní òmìnira ni wọ́n ń jà fún, ẹ ó ní láti sọ pé wọ́n jà á gbà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n fi tọrẹ lọ́wọ́ òsì. Èmi á sọ pé wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́ mọ́gàjí kan, wọ́n sì kó o fún mọ́gàjí mìíràn.