Ọrùn Gìtá: Kí Ló Ya Ti Corona Sọ́tọ̀ sí Ti Ensenada?

Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ Fender, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe gìtá, méjì ni àwọn onígìtá kì í yé fi wéra. Ọ̀kan ti wà ní Corona, ní Kalifọ́níà, láti 1985. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní Ensenada, ní Mẹ́síkò, ní 1987. Ọ̀nà àárín wọn kò ju nǹkan bíi 300 kìlómítà lọ, bẹ́ẹ̀ owó Stratocaster, irú gìtá oníná kan tí Fender ń ṣe, tó bá ti Corona wá sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ti Ensenada. Ọrùn gìtá ni àwọn tó ń gbèjà owó yẹn kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí, torí ibẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ ń gbé látìgbà tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi parí.

Igi máípù ni wọ́n fi ń ṣe ọrùn níbi méjèèjì. Wọ́n á ti kó igi náà sí yàrá gbígbóná kí ó gbẹ, torí èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀ yóò lọ́ bó bá yá. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló wá ń gé e, ẹ̀rọ ò sì mọ ẹnubodè: ínṣì 25.5 ni gígùn okùn tó ń dún ní Corona, òun náà ni ní Ensenada.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, ìyẹn fírẹ́ẹ̀tì, 22 ló sábà máa ń wà lórí Stratocaster òde òní. Wọ́n á tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ ojú ihò tóóró tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, wọ́n á fi fáìlì rẹ́ orí wọn kí wọ́n dọ́gba, wọ́n á yọ ẹnu wọn tó mú, wọ́n á sì nù wọ́n títí wọ́n á fi dán. Bí ọ̀kan péré bá ga ju ìkejì rẹ̀ lọ, okùn á máa gbá a, ohùn á sì máa há. Iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ ni, ó sì ń jẹ àkókò. Wákàtí òṣìṣẹ́ ní Kalifọ́níà wọ́n ju ti Mẹ́síkò lọ, nítorí náà owó ọ̀yà wà nínú iye tí à ń san, kì í ṣe dídára nìkan. Corona tún máa ń rẹ́ etí ọrùn kí ó dà bíi ti gìtá tí wọ́n ti ń lò láti ọdún pípẹ́. Gìtá Player II tí Ensenada gbé jáde ní 2024 ti ní irú etí bẹ́ẹ̀ báyìí.

Nígbà mìíràn, òfin ló ń fa ìyàtọ̀. Ní January 2017, àdéhùn CITES, tó ń dáàbò bo ẹranko àti igi tó ń tán lọ, sọ ọ́ di dandan kí ohun èlò orin tó ní igi rosewood lára gba ìwé àṣẹ kó tó sọdá ẹnubodè fún títà. Gìtá Ensenada kò lè dé ọjà Amẹ́ríkà láìsọdá. Ti Corona ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Ensenada bá fi igi mìíràn, pau ferro, rọ́pò rosewood lójú ọrùn. Ní 2019 ni wọ́n yọ ohun èlò orin tó ti parí kúrò nínú òfin náà. Àwọn kan ṣì ń fojú tín-ín-rín pau ferro, àmọ́ igi líle ni, kò ṣe gìtá ní nǹkan kan.

Jàpáánù tilẹ̀ ti fi hàn tipẹ́ pé kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ṣe gìtá ló ń sọ ọ́ di dáradára: gìtá tí ilé iṣẹ́ FujiGen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún Fender ní Matsumoto ní 1982, àwọn olùkójọ ń wá a kiri títí dòní.

Ibi tí ọrùn bá bá ara rẹ̀ náà tún ń pa á dà. Okùn mẹ́fà tí a wé le ń fà á pẹ̀lú agbára tó bíi kìlógíráàmù 45. Ọ̀pá irin tó wà nínú rẹ̀ ló ń dá a dúró. Bí ọyẹ́ bá dé, igi á súnkì, fírẹ́ẹ̀tì ò ní súnkì, ẹnu irin á yọ síta, á sì máa ha ọwọ́. Ti Corona ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti Ensenada ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fáìlì kékeré ni oníṣẹ́ fi ń rẹ́ ẹ padà.