Bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ irin kó tó gbé ilé ró nígbà ìmìtìtì ilẹ̀

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 tí ilẹ̀ ti mì ní Mpape àti Maitama, ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ kì í ṣe ìtàn òkèèrè mọ́ fún ará Abuja. Kwoi ní ìpínlẹ̀ Kaduna ti rí tirẹ̀ ní 2016.

Ẹ̀gbẹ́ ni ìmìtìtì ti ń ti ilé, síhìn-ín sọ́hùn-ún. Òpó tó ru pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́fà láìmikàn lè má gba irú ìtìkutì bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé irin dábùú láàárín òpó méjì, láti ìsàlẹ̀ ọ̀kan dé òkè èkejì.

Ẹ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ẹ fà á lórí àti ní ìdí, kò ní tètè já. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í wọlé: kíá ló tẹ̀ bí ọrun. Bí irin gbọọrọ ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki ìgbálẹ̀ náà bọ inú báírò tí tádàwá rẹ̀ ti tán, kò ríbi tẹ̀ sí mọ́.

Ọgbọ́n yìí ni àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Japan mú lò. Irin pẹlẹbẹ wà nínú páìpù, wọ́n da sìmẹ́ńtì yí i ká, wọ́n sì fi ohun tó ń yọ̀ bo irin náà kí sìmẹ́ńtì má bàa dì í mú. Bí sìmẹ́ńtì bá dì í mú, páìpù á máa bá a pín ìyà tó yẹ kó dá jẹ, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Fún ìdánwò, wọ́n á de irin náà, tòun ti páìpù rẹ̀, mọ́ férémù ńlá, jáàkì olóròóró á máa tì í, á sì máa fà á. Nínú ìlànà Amẹ́ríkà, AISC 341, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á kọ́kọ́ tì í, tí wọ́n á sì fà á, dé ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìpadà sípò. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì-méjì: ìdajì ìyẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n retí pé ìmìtìtì á kó bá ilé, odindi rẹ̀, ìlọ́po kan àtààbọ̀, ìlọ́po méjì. Kò tíì parí. Wọ́n á tún máa bá a lọ títí àròpọ̀ nínà àti sísúnkì rẹ̀ tí kò padà sípò yóò fi tó ìlọ́po 200 ti bó ṣe nà tó nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìpadà sípò. Bíbéèrè bí irin ṣe le tó nìkan kò tó rárá. Iye ìgbà tó lè jìyà kó má já gan-an ni ìbéèrè.

Ẹni tó bá ti tẹ wáyà tí wọ́n fi ń so irin ní sáìtì síwá sẹ́yìn mọ bó ṣe ń gbóná kó tó já. Ooru yẹn ni agbára tí irin gbé mì. Nínú ilé, agbára ìmìtìtì tó bá ti di ooru báyìí kò tún lè fọ́ òpó.

Bí irin inú bá já, tí páìpù bá wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí ojú ìjápọ̀ bá yẹ̀, ó ti kùnà. Àwọn ẹnjiníà kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ta irin gbọ́, torí irin méjì tó jọra ní ọjà ohun ìkọ́lé Dei-Dei, l'Abuja, lè má nà bákan náà. Wọ́n á gé pélébé lára irin tí wọ́n fi ṣe é gan-an, wọ́n á sì fà á lọ́tọ̀ títí yóò fi já.