Àwọ̀ Ikun Kọ́ Ni Yóò Sọ Pé Kí Ọmọdé Lo Oògùn Apakòkòrò

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí ọ̀fìnkìn bá ń da ọmọ láàmú, tí ikun imú rẹ̀ kò sì mọ́ gaara mọ́, tó wá ki, tó di àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ewé, ó ti di dandan kí wọ́n ra oògùn apakòkòrò bíi Ampiclox tàbí Septrin fún un ní kẹ́míìsì. Ẹni tó ń ta oògùn kì í sì í kọ owó.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà nìkan ni agbára oògùn apakòkòrò ká. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà ló ń pa ikun láwọ̀ dà: èròjà kan wà nínú wọn tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé, bí wọ́n bá sì ti pọ̀ nínú ikun, àwọ̀ náà á hàn, ìbáà jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń bá jà tàbí bakitéríà.

Ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn máa búra pé oògùn náà ṣiṣẹ́ ni àkókò tí wọ́n ń lò ó. Ìyá á fara dà á títí di ọjọ́ kẹrin kó tó ra oògùn ẹlẹ́bú inú ìgò tí wọ́n ń fi omi pò. Nígbà tó bá máa fi di ọjọ́ keje, ara ọmọ á ti yá, oògùn ni yóò sì gba ìyìn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀fìnkìn ọmọdé sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10, bí ikọ́ tó bá a wá tilẹ̀ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 3. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ìyókù inú ìgò tí wọ́n ń fi pamọ́ de àbúrò rẹ̀, nítorí oògùn tí a ti pò kì í sábà lò kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ìyókù náà kò sì tó ìwọ̀n. Láti 1945 ni Alexander Fleming, tó ṣàwárí penicillin, ti kìlọ̀ pé oògùn tí kò tó ìwọ̀n ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí oògùn.

Mímí ni kí òbí máa ṣọ́. Nígbà tí ọmọ kò bá sunkún, tí kò sì mu ọmú lọ́wọ́, kí a ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, kí a ka iye ìgbà tí àyà tàbí ikùn rẹ̀ gbéra fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé bí ọmọ oṣù 2 sí 11 bá mí tó ìgbà 50, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí 4 mí tó ìgbà 40, èémí rẹ̀ ti yá jù, ó sì lè jẹ́ òtútù àyà. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọlé nígbà tó ń mí sínú, bí kò bá lè mu ọmú, bí gìrì bá gbé e, tàbí bí kò bá tíì pé oṣù 2 tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Níbẹ̀, oògùn apakòkòrò lè di kòṣeémánìí. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n kí ó tó kọ iye tí yóò lò, kí òbí sì fún un títí ọjọ́ tí wọ́n dá yóò fi pé, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá ní ọjọ́ kejì.