Eurodac: bí ìka ọwọ́ ṣe ń pinnu ibi tí ẹjọ́ ìsádi yóò ti wáyé

Ẹni tó bá ti Líbíà wọ ọkọ̀ ojú omi, tó gúnlẹ̀ sí Lampedusa, erékùṣù Ítálì kan, lè sọ orúkọ tó bá wù ú fún ọlọ́pàá Ítálì. Bó bá jẹ́ Àlàó lónìí, ó lè di Àkàndé kó tó dé Munich ní Jámánì. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni kò ṣeé pààrọ̀. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbójú lé nìyẹn tí wọ́n fi dá Eurodac sílẹ̀, àpò kọ̀ǹpútà tó ti ń kó ìtẹ̀ka àwọn tó ń wá ìsádi jọ láti 15 oṣù Kìn-ín-ní 2003.

Nílé, ẹni tí kò mọ̀wé kọ ni wọ́n máa ń ní kó tẹ̀ka. Níbẹ̀ yẹn, dókítà àti apẹja, gíláàsì kan náà ni wọ́n jọ ń tẹ̀. Lábẹ́ òfin 2013, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 yóò gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ya ilà ìka náà, á sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, tí eu-LISA, àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó ń mójú tó irú àpò bẹ́ẹ̀, ń bójú tó. Kọ̀ǹpútà á wá fi wọ́n wé àwọn tó ti wà nílẹ̀. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí fọ́tò: ìtẹ̀ka, akọ tàbí abo, ibi tí wọ́n ti gbà á, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, àti nọ́ńbà kan.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà orílẹ̀-èdè ló ń ṣíwájú rẹ̀, IT fún Ítálì, DE fún Jámánì. Bí 1 bá tẹ̀ lé e, ẹni náà tọrọ ìsádi. Bó bá jẹ́ 2, wọ́n mú un pé ó gba ẹnubodè wọlé láìní ìwé ni. Ìtẹ̀ka ẹni 1 ń wà nílẹ̀ fún ọdún 10, ti ẹni 2 fún oṣù 18. Èèyàn méjì lè jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà kí ọ̀nà wọn pín síbẹ̀, nítorí pé ọ̀kan lanu tọrọ ìsádi, èkejì sì dákẹ́.

Òfin Dublin, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ń mọ ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ìsádi, ni wọ́n ń fi gbogbo èyí tì lẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ẹjọ́ ènìyàn, bí ẹni náà kò bá sì ní ẹbí tàbí físà níbòmíràn, ibi tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ló sábà máa ń já sí. Ní 2016, ó lé ní 37,000 ọmọ Nàìjíríà tó gba orí òkun dé Ítálì. Kò sí orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ká ní ọ̀kan nínú wọn kọjá sí Munich, ó tẹ̀ka, IT1 sì jáde. Jámánì ní oṣù méjì láti kọ̀wé sí Ítálì pé kó wá gba ẹni rẹ̀. Ítálì ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fèsì. Bó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Láti ìgbà náà, Jámánì ní oṣù mẹ́fà láti gbé e padà, tàbí oṣù 18 bí ẹni náà bá sá pamọ́. Bí àkókò yẹn bá kọjá, ẹjọ́ di ti Jámánì. Abájọ tí àwọn tó wà nínú àgọ́ fi ń ka oṣù bí aláboyún. Ní Calais, èbúté Faransé tí wọ́n ti ń sọdá sí Ìlú Ọba, àwọn kan tiẹ̀ ti fi iná jó ọmọ ìka wọn kí ilà rẹ̀ lè pa rẹ́. Bẹ́ẹ̀, awọ ìka ń hù padà.

Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń dájọ́ ṣá o. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2011, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá Belgium lẹ́bi nítorí pé ó dá ọmọ Afghanistan kan padà sí Gíríìsì, níbi tó ti kọ́kọ́ tẹ̀ka, nígbà tó sì mọ irú ìyà tó ń dúró dè é níbẹ̀. Ìka náà kò parọ́. Kò kàn lè ròyìn bí àtìmọ́lé Gíríìsì ṣe rí ni.

Láti oṣù Keje 2015, ọlọ́pàá tó ń tọpasẹ̀ ọ̀daràn ńlá náà lè wo inú àpò yìí. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ kọ́ nìyẹn, ó sì yẹ kó kọ èèyàn lóminú. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 2024, tí wọ́n dá oṣù Kẹfà 2026 fún ìlò rẹ̀, tún fẹ ẹ̀ lójú sí i: ọmọ ọdún 6 yóò tẹ̀ka, orúkọ àti fọ́tò ojú yóò wọ inú rẹ̀, ìtẹ̀ka ẹni 2 yóò sì wà níbẹ̀ fún ọdún 5.

Ìlú Ọba wà nínú ètò náà títí di òpin 2020. Ní báyìí, bí ẹni tó tẹ̀ka ní Lampedusa bá gúnlẹ̀ sí Dover, òṣìṣẹ́ tó bá a níbẹ̀ kò lè bi Eurodac léèrè mọ́, kò sì sí òfin Dublin tí yóò fi dá a padà sí Ítálì.