Owó Ọsibítù Kọ́ Ló Parí Ọ̀rọ̀

Bí ẹ̀rọ bá ṣe òṣìṣẹ́ léṣe lọ́dọ̀ wa, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé: "Ọ̀gá mà gbìyànjú o, gbogbo owó ọsibítù ló san." Ẹbí á dúpẹ́, wọ́n á sì gbàgbọ́ pé kò sí gbèsè kankan nílẹ̀ mọ́. Irọ́ ni.

Ayùn gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún aládùúgbò mi kan ní sọ́ọ̀mílì. Ọ̀gá rẹ̀ san owó ìtọ́jú, ó fi díẹ̀ lé e, ó sì ní kó fọwọ́ síwèé pé òun ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ òsì wá ihò bọ́tìnì ẹ̀wù ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà dúró jẹ́ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ kíláàsì. Ìyàwó rẹ̀ ti pa ìsọ̀ tì nítorí ìtọ́jú, èésú tó ń dá ti dúró. Rìsíìtì wo ló ka ìyẹn?

Ọ̀gá náà ò jèrè. Lọ́jọ́ náà ẹ̀rọ dúró, pákó oníbàárà pẹ́, ẹni tuntun tó gbà sì ń ba igi jẹ́ kó tó mọwọ́ iṣẹ́. Owó tó ń jò díẹ̀díẹ̀ báyìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀gá mọ̀ pé ìbòrí ayùn ni ì bá dínwó jù.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ẹ̀san òṣìṣẹ́. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Inú owó yìí ni ẹ̀san ti ń wá. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ sọ fún ọ̀gá tàbí alábòójútó láàárín ọjọ́ 14: orúkọ, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á. Kò dọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì ńlá. Ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ní láti fi tó àjọ náà létí.

Ìwé "mi ò ní béèrè mọ́" yẹn ńkọ́? Òfin kò kà á sí rárá, àní bí wọ́n tilẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ọdún kan ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè ẹ̀san. Aládùúgbò mi ti lo oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀ kó tó gbọ́.